Nọ́káòtù: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó dún gbòà?

Akẹ́kọ̀ọ́Ṣàgámù

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. SS2 ni mo wà. Tísà wa ní ká kọ ojú ìwé méjì lórí ìyípadà agbára tó ń wáyé nínú nọ́káòtù, ká mú un wá tá a bá wọlé lẹ́yìn Kérésì. Mo ti kọ ọ́ pé agbára tó wà nínú kẹ́míkà á di ooru, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo. Ìlà kan péré nìyẹn! Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé wọ́n ní èédú wà nínú ẹ̀tù nọ́káòtù. Èédú yìí kan náà la fi ń sun àgbàdo. Kí ló dé tí ti inú àdògán kì í dún gbòà?

TísàKẹ́mísìrì

Ọmọ mi, pa ìlà tó o kọ yẹn tì ná. Ìbéèrè èédú yẹn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ.

Èédú inú àdògán ń dúró de afẹ́fẹ́ ni. Ọ́síjìn ló fi ń jó, bẹ́ẹ̀ tá a bá pín afẹ́fẹ́ sọ́nà márùn-ún, ìdá kan péré ni ọ́síjìn. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti kan ara èédú nìkan ló sì lè jó, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ṣì wà bó ṣe wà. Ìdí tí ẹni tó ń sun àgbàdo fi ń gbé abẹ̀bẹ̀ dání nìyẹn.

Ti ẹ̀tù yàtọ̀. Wọ́n ti di ọ́síjìn rẹ̀ mọ́ ọn lára látilẹ̀. Potassium nitrate, KNO₃, ló gbé e: átọ̀mù ọ́síjìn mẹ́ta ló wà nínú ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ èédú àti imí ọjọ́ títí á fi kúnná pátápátá, tí èédú àti ọ́síjìn á fi fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn níbi gbogbo. Bí iná bá débẹ̀, kò sí pé à ń retí afẹ́fẹ́ mọ́. Ìyẹn náà ni ẹ̀tù fi lè jó nínú ìwé tí wọ́n dì pa tàbí nínú ihò ìbọn.

Imí ọjọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní nǹkan bíi 115 °C ló ti ń yọ́, nígbà tó jẹ́ pé potassium nitrate kò ní yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bíi 334 °C. Imí ọjọ́ ló ń jẹ́ kí iná tètè ràn.

Bí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń kọ ọ́ nìyí (S ni imí ọjọ́, C ni èédú; N₂ àti CO₂ ni gáàsì tó ń jáde):

2KNO₃ + S + 3C → K₂S + N₂ + 3CO₂

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an díjú ju báyìí lọ, torí K₂CO₃ àti K₂SO₄ náà máa ń jáde, àmọ́ èyí tó fún SS2.

ỌmọỌdẹ_ÒkèÒgùn

Ẹ kú iṣẹ́, Tísà. Ọdẹ ni bàbá mi, ṣakabùlà sì ni ìbọn wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ ra ẹ̀tù, wọ́n á bu díẹ̀ sórí òkúta, wọ́n á fi iná sí i. Tó bá jó fùù lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò fi èérí púpọ̀ sílẹ̀, wọ́n á rà á. Tó bá ń ṣe ṣìì-ṣìì, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Mi ò gbọ́ ọ kó dún gbòà rí lórí òkúta yẹn. Ẹ̀tù yẹn kan náà ló ń dún tí gbogbo abúlé ń gbọ́ tí wọ́n bá rọ ọ́ sínú ìbọn. Ṣé ọ́síjìn tẹ́ ẹ sọ yẹn kò sí nínú èyí tó wà lórí òkúta ni?

TísàKẹ́mísìrì

Ó wà níbẹ̀ digbí. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ògiri.

Lórí òkúta, bí gáàsì bá ṣe ń jáde ló ń rí ọ̀nà gbà lọ. Kò sí ohun tó ká a mọ́. Nínú ìbọn tàbí nínú ìwé líle tí wọ́n yí mọ́ ẹ̀tù nọ́káòtù, gáàsì kò rọ́nà. Ìfúnpá, ìyẹn agbára tí gáàsì fi ń ti ògiri rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ìwà ẹ̀tù sì ni pé bí ìfúnpá bá ṣe ń ga ló ṣe ń yára jó sí i, torí gáàsì gbígbóná á máa wọ àárín àwọn hóró tí kò tíì gbiná. Yíyára yẹn á tún mú gáàsì púpọ̀ sí i jáde, ìfúnpá á tún ga, iná á tún yára. Ó ń ti ara rẹ̀ níwájú. Láàárín kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ìwé ò lè dá a dúró mọ́, ó ya. Gáàsì tí wọ́n há mọ́ á rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á gbá afẹ́fẹ́ àyíká, gbígbá yẹn sì ni etí wa ń gbọ́ ní gbòà.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Gíráàmù kan ẹ̀tù kò kún ìdajì ṣíbí tíì. Tẹ́ ẹ bá fi ìlà kẹ́mísìrì òkè yẹn ṣírò, á mú gáàsì tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta lítà kan jáde ní 0 °C. Ṣùgbọ́n kò sí ní 0 °C. Ooru ibẹ̀ tó nǹkan bíi 2,000 °C, gáàsì yẹn sì ń fẹ́ gba ààyè tó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́jọ ìyẹn. Lítà méjì àti ààbọ̀ ó lé, nínú páálí tó mọ bí ìka ọwọ́. Kí ló máa ṣe bí kò bá bú?

ÒpìtànẸ̀gbá

Tísà ti fẹnu kan ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti ń gbọ́ gbòà kí wọ́n tó ní ẹ̀tù. Ọparun tútù ni wọ́n ń jù sínú iná. Ihò inú ọparun kì í já síra wọn, kókó ló dí i nídìí lókè. Afẹ́fẹ́ àti omi tó wà níbẹ̀ á gbóná, omi á di oru, ara ọparun á sì bú. Ẹni tó bá ti dáná sun oko tí ọparun wà níbẹ̀ mọ ariwo yẹn. Kò sí ẹ̀tù níbẹ̀ o, iná tó wà níta ló ń gbé ooru wọ inú rẹ̀.

Nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, láyé ìjọba Tang, ni wọ́n rí ẹ̀tù, àwọn tó ń wá oògùn àìkú ló sì ṣèèṣì bá a pàdé. Ọdún 1044 ni ìwé ogun wọn kan tí wọ́n ń pè ní Wujing Zongyao kọ bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀tù sílẹ̀. Bàòzhú, ìyẹn ọparun tó ń bú, ni wọ́n ṣì ń pe nọ́káòtù títí dòní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ló kù tí wọ́n fi ń yí i. Ìlú Liuyang, ní ìpínlẹ̀ Hunan, ni ojúkò iṣẹ́ náà.

Ẹnjiníà_Ògbómọ̀ṣọ́

Àlàyé yín dáa, Tísà, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ibi tí agbára yẹn ti wá, bẹ́ẹ̀ òun ni iṣẹ́ tí wọ́n fún ọmọ náà. Inú ìdè tó so àwọn átọ̀mù pọ̀ ni agbára wà. Tí ìdè bá já, agbára inú rẹ̀ á tú jáde. Kó kọ ìyẹn sílẹ̀, wọ́n á fún un ní máàkì.

TísàKẹ́mísìrì

Ẹnjiníà, ẹ má bínú, kó má kọ ọ́ o. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì ní WAEC.

Owó la fi ń já ìdè. Kò sí ìdè kankan láyé yìí tó máa já tí kò ní gba agbára lọ́wọ́ ẹni tó já a. Ìgbà tí ìdè tuntun bá so ni agbára ń jáde. Nínú ẹ̀tù, a kọ́kọ́ ní láti já ìdè tó wà nínú KNO₃, ká sì tú àwọn átọ̀mù èédú kúrò lára ara wọn. Iná ìṣáná tá a fi sí òwú orí nọ́káòtù ló san owó àkọ́kọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà náítírójìn méjì á so mọ́ra wọn di N₂. Ìdè yẹn lágbára gan-an ni: 945 kJ (kílójúùlù, òṣùwọ̀n agbára) ni mólù kan rẹ̀ (iye kan pàtó tí a fi ń ka átọ̀mù àti mólíkù) ń tú sílẹ̀ tó bá so. Kábọ́nù náà á so mọ́ ọ́síjìn di CO₂, ìdè ibẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bí 800 kJ, méjì ló sì wà nínú mólíkù kan. Ohun tó wọlé wá ju ohun tá a ná lọ. Ìyókù ló di ooru, ooru yẹn ló tún ń san owó fún hóró tó kàn. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi tanná sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Akẹ́kọ̀ọ́Ṣàgámù, ṣe ìṣirò yìí sínú iṣẹ́ rẹ. Enthalpy of formation (ooru tó ń wọlé tàbí tó ń jáde nígbà tí nǹkan bá so láti ara ẹ́límẹ́ńtì rẹ̀) ti KNO₃ jẹ́ −494.6 kJ fún mólù kan, ti CO₂ jẹ́ −393.5, ti K₂S súnmọ́ −381. Ti N₂, kábọ́nù àti imí ọjọ́ jẹ́ òdo.

Ohun tó jáde: −381 + 3(−393.5) = −1,561.5
Ohun tó wọlé: 2(−494.6) = −989.2
Ìyàtọ̀: nǹkan bí −572 kJ

Àmì ìyọkúrò yẹn ló sọ ọ́ di exothermic, ìyẹn èyí tó ń tú ooru jáde. Ohun tá a pò pọ̀ wúwo tó 270 gíráàmù, torí náà gíráàmù kan ń tú nǹkan bí 2.1 kJ jáde. Ẹ̀tù gidi máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń súnmọ́ 3 kJ, nítorí K₂CO₃ tá a yọ kúrò nínú ìlà wa máa ń tú ooru púpọ̀ jáde tó bá ń so.

Ẹnjiníà_Ògbómọ̀ṣọ́

Ṣé gbogbo ìwé tó wí pé agbára wà nínú ìdè ń purọ́ ni?

TísàKẹ́mísìrì

Wọ́n gé ọ̀rọ̀ kúrú ni. Tí wọ́n bá sọ pé ìdè inú KNO₃ kò le tó èyí tó wà nínú N₂ àti CO₂, mi ò ní bá wọn jà. Àtinú ìdè tí kò le bọ́ sínú èyí tó le, ibẹ̀ ni èrè wà.

AdéPeckham

Mo ń ka gbogbo yín láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Níbí, láti 1997 ni wọ́n ti fòfin de títa báńgà fún ará ìlú, síbẹ̀ tó bá di alẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá, èèyàn ò ní rí oorun sùn torí àwọn yòókù tí òfin gbà láyè. Ìbéèrè mi ni pé, ó ní láti jẹ́ pé agbára inú ẹ̀tù pọ̀ ju ti gbogbo nǹkan tó ń jó lọ, àbí? Tí ìwọ̀nba díẹ̀ bá ń ṣe báyìí…

TísàKẹ́mísìrì

Rárá o. Ibi tí mo ti ń dúró dè yín nìyẹn 😄

Gíráàmù kan ẹ̀tù: nǹkan bí 3 kJ.
Gíráàmù kan gààrí: nǹkan bí 15 kJ.
Gíráàmù kan èédú: nǹkan bí 30 kJ.
Gíráàmù kan kẹrosíìnì: nǹkan bí 43 kJ.

Gààrí ju ẹ̀tù lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Kódà TNT tí àwọn sójà ń lò kò kọjá nǹkan bí 4 sí 5 kJ. Ẹrù ọ́síjìn tí ẹ̀tù ń gbé kiri ló fà á. Púpọ̀ nínú ìwúwo rẹ̀ ni KNO₃, tí kì í ṣe ohun tó ń jó fúnra rẹ̀. Gààrí àti kẹrosíìnì kò gbé ọ́síjìn tí wọ́n máa fi jó dání, inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń yá a, a kì í sì í wọn afẹ́fẹ́ mọ́ ọn.

Akẹ́kọ̀ọ́Ṣàgámù

Gààrí kẹ̀?! Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá kọ èyí, tísà wa á ní mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mu gààrí lọ́sàn-án òní, mi ò bú.

TísàKẹ́mísìrì

Ara rẹ ń jó o díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan ni. Àkókò ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe iye.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1976, ohun tí òfin gbà láyè nínú báńgà kan tí ará ìlú lè rà kò gbọdọ̀ ju 50 mílígíráàmù lọ. Tá a bá fi ẹ̀tù dúdú ṣírò rẹ̀, 150 J nìyẹn (1,000 J ló wà nínú kJ kan). Gílóòbù 60 wáàtì á jẹ ẹ́ tán kí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tó pé. Ṣùgbọ́n tí 150 J yẹn bá jáde láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, 150,000 wáàtì nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a ń pè ní I better pass my neighbour kò ju nǹkan bí 650 wáàtì. Ó ju igba irú rẹ̀ lọ, tí gbogbo wọn ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì kú kó o tó mọ̀ pé wọ́n tàn. Kọ èyí, wo ohun tí tísà rẹ máa sọ.

Alábòójútó

A ti yọ èsì méjì kúrò, níbi tí ẹnì kan ti ń béèrè ìwọ̀n tí wọ́n fi ń pò ó kó lè ṣe é nílé. A kì í dáhùn irú ìyẹn níbí. Ẹ máa bá ìjíròrò lọ.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn

Ẹ ṣé, Alábòójútó. Ìbàdàn ni mò ń gbé, inú mi kì í dùn sí nọ́káòtù yìí rárá. Lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024, nígbà tí nǹkan bú ní Bódìjà, ilé wa tó jìnnà síbẹ̀ mì. Gómìnà sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé. Ṣé irú nǹkan kan náà ni èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ, tó kàn jẹ́ pé tọ̀hún pọ̀?

Ẹnjiníà_Ògbómọ̀ṣọ́

Màmá, ẹ kú ìfarada. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, jẹ́ kí n dáhùn èyí. Kì í ṣe pípọ̀ nìkan. Ẹ̀tù ń jó ni, iná ń ti ara hóró kan bọ́ sí òmíràn. Bó ti wù kó yára tó, iná náà ló ń sáré. Èyí tí a fi ń fọ́ àpáta kì í dúró de iná. Ìgbì ìfúnpá ló ń la inú rẹ̀ kọjá, ibi tí ìgbì náà bá sì kàn ló ń tú ká lójú ẹsẹ̀, á sì tún ti ìgbì náà lẹ́yìn. Ẹgbẹ̀rún mítà mélòó kan ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. TNT ń sún mọ́ 7,000 mítà. Ohùn èèyàn nínú afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí 340.

Ìdí nìyẹn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò fi nílò ìwé tàbí ògiri láti bú. Ẹ gbé e sórí òkúta bàbá ọdẹ yẹn, á fọ́ òkúta. Àti pé a kì í kó àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń tanná sí i pa mọ́ síbì kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé gbogbo rẹ̀ sínú ilé láàárín ìlú, ìkà ni.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn

Ó ti yé mi. Ohun kan tún kù. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ọdún tuntun, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń jáde lọ ṣa àwọn tí kò dún. Wọ́n á tún máa fẹnu fẹ́ ẹ lórí.

ỌmọỌdẹ_ÒkèÒgùn

Háà! Màmá, ẹ lé wọn. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun?

TísàKẹ́mísìrì

Òwú tó kú kò túmọ̀ sí pé ẹ̀tù inú rẹ̀ kú. Iná lè wà nínú òwú tó ń jó lábẹ́lẹ̀, kó má ṣèéfín tó hàn. Èyí tí wọ́n ń fẹnu fẹ́ yẹn, ọ́síjìn ni wọ́n ń fi ta iná òwú lọ́rẹ, ojú wọn sì wà lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án lálẹ́ náà rárá. Tó bá di àárọ̀, kí àgbàlagbà fi ṣọ́bìrì gbé e sínú omi, kó wà níbẹ̀ tí á fi rin gbingbin, torí omi máa ń tú KNO₃. Ẹ tún rántí pé àwọn tó ń tà á fún wọn ń rú òfin, ọlọ́pàá ń kìlọ̀ lórí rẹ̀ ní gbogbo oṣù Kejìlá.

AdéPeckham

Èyí tó máa ń tàn funfun bíi mànàmáná ńkọ́? Ẹ̀tù dúdú kì í tàn báyẹn. Àti àwọn aláwọ̀ mèremère tó ń lọ sókè.

TísàKẹ́mísìrì

Ẹ̀tù dúdú kọ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ nọ́káòtù ayé ìsinsìnyí. Lẹ́búlẹ́bú alumíníọ̀mù ló rọ́pò èédú, potassium perchlorate ló sì ń gbé ọ́síjìn. Alumíníọ̀mù tó bá gba ọ́síjìn di Al₂O₃ ń tú 1,676 kJ jáde fún mólù kan, nítorí náà ooru ibẹ̀ lè ju 3,000 °C lọ. Ègé Al₂O₃ tó gbóná tó báyẹn ló ń tàn funfun lójú wa. Ó burú ju ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Bí a bá kó o jọ díẹ̀, kò nílò kí wọ́n dì í pa kó tó bú, ìfọwọ́rá lásán tàbí iná mànàmáná tó wà lára aṣọ sì lè tan án. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀.

Ti àwọ̀ rọrùn: strontium ló ń pupa, barium ń ṣe àwọ̀ ewé, sodium ń ṣe àwọ̀ òféèfèé, kọ́pà ń ṣe búlúù. Ooru á ti elẹ́kítírọ́ọ̀nù sókè, tó bá ń padà bọ̀ á ju ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Búlúù ló nira jù láti ṣe, torí tí ooru bá ti pọ̀ jù, ohun tó ń mú àwọ̀ náà wá á tú ká.

ỌmọỌdẹ_ÒkèÒgùn

Èyí tó kẹ́yìn tèmi, Tísà. Bàbá mi máa ń fọ ihò ìbọn wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá yìn ín. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni, kì í ṣe epo. Mo ní kí ni omi ń wá lára irin, wọ́n ní tí n bá fi epo nìkan nù ún, á dípẹtà. Omi ló sì máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.

TísàKẹ́mísìrì

Bàbá yín tọ̀nà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀tù ń dà tó bá jó tán, èyí tó ju ìdajì lọ nínú ìwúwo rẹ̀ kì í ṣe gáàsì. Iyọ̀ potassium ni: K₂CO₃, K₂SO₄, K₂S. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń bá èéfín funfun yẹn jáde, ìyókù á lẹ̀ mọ́ ihò ìbọn. K₂CO₃ a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, iyọ̀ tútù sì ń jẹ irin. Epo kì í tú iyọ̀, omi ló ń tú u. Kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ tán, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ìgbà náà ni kí wọ́n tó fi epo pa á.

Òórùn yẹn, K₂S ló pàdé omi, gáàsì H₂S sì jáde. Òun náà ló ń rùn lójú títì lálẹ́ ọdún tuntun tí ọyẹ́ bá rọlẹ̀ díẹ̀.

ỌmọỌdẹ_ÒkèÒgùn

Mo máa ka èyí sí bàbá létí lọ́la. Wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.